Màámi Ń Bá Mi Tọ́jú Kọ̀ḿbúṣà

Kọ̀ḿbúṣà mi ti bàjẹ́ pátápátá, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, tíì tí wọ́n fi ṣúgà sí ni. Ẹ ó gbé awọ funfun kan tí wọ́n ń pè ní ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ ó fi aṣọ bò ó títí yóò fi kan.

Tèmi kọ̀, kò kan. Mo pààrọ̀ ṣúgà, mo pààrọ̀ tíì. Omi lásán ṣáá ni.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí aṣọ, irun aláwọ̀ ewé ti hù sórí ìyá. Ó ti bu. Mo figbe ta.

Màámi sáré wọlé. "Háà! Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń bá ọ tọ́jú ẹ̀!"

"Ẹ ń tọ́jú ẹ̀ báwo, mà?"

"Ṣebí àràárọ̀ ni mò ń da omi orí ẹ̀ nù, tí mò ń bu tútù sí i. Ṣé ògì tí wọn ò pààrọ̀ omi ẹ̀ kì í bàjẹ́ ni?"

Ògì ni Màámi ń tà ní Ìlora kí wọ́n tó bí mi. Omi kíkan tí wọ́n ń dà nù yẹn gan-an ni mò ń wá!

Mo rántí ìgò kọ̀ḿbúṣà kejì tí mo tún ṣe. "Màámi, èyí tó wà ní yàrá mi ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣe."

Ẹ dákun, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa sọ? Èmi ṣáà ní, "Ẹ ṣé, mà."