Ẹnu Ara Rẹ̀ Ló Fi Sọ Ọ́

Iṣẹ́ irin ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló gbé Ẹfúnkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní Ìkirè. Ikọ́ pa ọkọ náà, ilé iṣẹ́ sì ti gba ẹlòmíràn kí wọ́n tó sin ín tán. Ẹfúnkẹ́ kò padà sílé. Ó tọ Bàbá Dúrójaiyé, onílẹ̀ kan ní Ìtẹ̀lé, lọ, bàbá náà sì fún un ní ibi tí yóò gbin ẹ̀gẹ́ sí. Lọ́dọọdún, á gbé gàrí lọ fi dúpẹ́. Oko yẹn ló fi tọ́ Olúwayẹ́misí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ó fi jáde girama.

Nígbà tí Bàbá Dúrójaiyé kú, Bọ̀wálé ọmọ rẹ̀ jogún ilẹ̀. Yunifásítì àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń hù bí olú nígbà náà, láti Ìyànà Ìyẹsí títí dé ẹ̀yìn Ìtẹ̀lé. Ìjọba wá kéde pé àwọn yóò fi owó ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Inú Ẹfúnkẹ́ dùn. Ó ti fojú sí ẹ̀rọ tí yóò máa fi rin ẹ̀gẹ́.

Bọ̀wálé wá bá a lóko.

“Ìyá Yẹ́misí, wọn ò ní fún yín. Onílẹ̀ ni wọ́n ń fún. Tí wọ́n bá dé, ẹ sọ pé èmi ni mo loko, pé ẹ̀ ń bá mi ṣiṣẹ́ ni. Tówó bá jáde, a ó jọ pín in.”

Lálẹ́, Olúwayẹ́misí ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o.”

“Tí n ò bá sọ ọ́, tó bá lé mi, ibo la fẹ́ gbà?”

Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé ni ìjọba rán wá. Ó rin oko náà já, ó ń mi orí.

“Màmá, oko yìí mà dára o. Ta ló ni ín?”

Ẹfúnkẹ́ wo Bọ̀wálé. Bọ̀wálé ń wò ó.

“Bọ̀wálé ni, sà. Alágbàṣe ni mí.”

Wọ́n ya fọ́tò Bọ̀wálé láàárín ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní kí Ẹfúnkẹ́ sún sẹ́yìn díẹ̀.

Owó jáde lóòótọ́, Ẹfúnkẹ́ ò rí kọ́bọ̀. Ó béèrè títí, Bọ̀wálé ní ìjọba ò tíì san án. Àṣé ó ti fi owó náà gbé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, ó sì ti ta oko fún ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Èkó tó ń wá ibi tí yóò kọ́ àgọ́ àdúrà sí.

Ẹ̀gẹ́ ò tíì ta dáadáa nílẹ̀ tí katapílà fi dé. Ẹfúnkẹ́ sáré lọ dúró níwájú rẹ̀. Awakọ̀ náà ṣàánú, ó pa ẹ́ńjìnnì. Bọ̀wálé ní kó tún un tan, ó sì fa obìnrin náà kúrò lọ́nà.

Olúwayẹ́misí mú ìyá rẹ̀ lọ bá Ṣótúndé ní Ọ̀tà. Ọkùnrin náà dá Ẹfúnkẹ́ mọ̀. Ó fún un ní àga, ó sì gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀.

“Màmá, mo bi yín. Ojú gbogbo wa lẹ ti ní ẹ kì í ṣe olóko. Kí lẹ fẹ́ kí n lọ wí fún wọn báyìí?”

Olúwayẹ́misí bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Wọ́n ṣa ohun tí katapílà hú sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà tín-ín-rín bí ìka ọwọ́, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ní báyìí, ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni Ẹfúnkẹ́ ń bó níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Ìyànà Ìyẹsí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ àgọ́. Olúwayẹ́misí kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó ní òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ náà.

Ẹfúnkẹ́ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

“Ṣé wọ́n á máa fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Máa lọ.”