Ta Ni Iná Kàn Lónìí?

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbé yàrá kan ní Ìbà, tí taransífọ́mà àdúgbò wa kò lágbára láti gbé òpópónà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onílé fẹnu kò pé bí òpópónà òkè, níbi tí mò ń gbé, bá lo iná lónìí, ti ìsàlẹ̀ yóò lò ó lọ́la, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí wọn kì í jà lórí ẹni tó kàn. Ni alága àwọn onílé bá ní kí èmi tí mo mọ kọ̀ǹpútà wá nǹkan ṣe sí i.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì ki Lisp, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ nígbà náà, bọ àárín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòókù kì í yí padà. Ibi tí Lisp wà nìkan ló máa ń wo ọjọ́ tí a wà, tí yóò sì fúnra rẹ̀ kọ òpópónà tí iná kàn síbẹ̀. Mo rò pé ìjà ti parí nìyẹn.

Kò pẹ́ ni mo rí i pé bí ojú ewé bá ní ìsàlẹ̀ ni iná kàn, ọ̀dọ̀ wa lókè ni iná ṣì ń tàn. Kò sí nǹkan tó pọ̀ nínú Lisp bí àkámọ́, mo sì jókòó tì wọ́n, mò ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pé bóyá mo gbàgbé láti ti ọ̀kan. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní òpópónà ìsàlẹ̀ fi gbé abọ́ ẹja wá sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Gbóòórùn ẹ̀ wò," ni wọ́n wí. "Gbogbo yìnyín inú fírísà mi ti yọ́ tán. Ìwọ lo kọ nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ taransífọ́mà, àbí ìwọ kọ́?"

Mi ò lẹ nǹkan kan mọ́ ibì kankan. Mo tẹ̀lé wọn débẹ̀. Àṣé alága ti lọ tẹ ojú ewé mi sórí ìwé ní Ìyànà Ìbà, wọ́n fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò: "Lónìí, Òpópónà Òkè ni iná kàn." Láràárọ̀ ni oníṣẹ́ iná ń kà á, tó sì ń yí iná sọ́dọ̀ wa.

Mo já ìwé náà, mo gbé e lọ bá alága. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí, pé ojú ewé ń yí padà lójoojúmọ́, ìwé kì í yí padà.

"Nǹkan tó ń ṣénjì lójoojúmọ́," ni wọ́n dá mi lóhùn, "báwo la ṣe fẹ́ gbà á gbọ́?"

Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Mo wá pátákó kan, mo kọ ÒKÈ sójú kan, mo kọ ÌSÀLẸ̀ sójú kejì, mo fi okùn gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ taransífọ́mà. Ìyá ẹlẹ́ja ní àwọn ni àwọn óò máa yí i láràárọ̀.

Okokomáíkò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ṣì ń ki Lisp bọ inú ojú ewé fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì ń pè mí ṣáá pé kò ṣiṣẹ́. Mo gba Ìbà kọjá láìpẹ́ yìí, mo sì rí pátákó náà níbi tó wà. Mo yọ fóònù, mo ṣí ojú ewé mi àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wò mọ́. Òun àti pátákó bára mu. Ó yẹ kínú mi dùn, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi, pátákó yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì torí ẹ̀ pè mí rí.