Omi Tí Olùkọ́ Ambroise Mu Nínú Fíìmù

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Bantè, ẹ kàn béèrè bóyá fíìmù Razack dára. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti wò ó, ẹnu ò tíì kò lé e lórí. Àwọn kan ní àwọn ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láyé àwọn. Àwọn kan ní èébú ni fún gbogbo ẹni tó bí ọmọbìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn àgbà ò mọ eré, àwọn àgbà ní àwọn ọ̀dọ́ ò mọ ìtìjú. Èmi aránṣọ, tí ìsọ̀ mi wà lẹ́bàá ọ̀nà Savalou, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti máa ń fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á tún ní kí n dá àwọn láre. Orí wọn burú. Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà ló jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì yẹn, tó ń rán aṣọ wọn, kò sì sí ẹni tó bi í ní ohun tóun náà rí sí i.

Sonia ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú Koko ni. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, Valentin, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń dáko iṣu, ló mú un wá sí Bantè kó lè lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí oyún dé. Pierre-Claver ló fún un lóyún, ọmọ olùkọ́ Ambroise, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ka ìwé mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà bíi pé òun ló kọ ọ́.

Ní ti àwọn ará ilé Sonia, oyún kì í dá rìn. Àwọn ẹbí á mú ọmọbìnrin lọ sí ilé ọkùnrin, wọ́n á gbé igbá omi síwájú bàbá ọkùnrin náà. Bó bá mu ún, ó ti gba oyún, ọmọ ti di ọmọ ilé rẹ̀, orúkọ wọn ni yóò máa jẹ́. Bó bá dà á nù, kí wọ́n mú ọmọ wọn, ó dìgbà. Nígbà tí Valentin mú Sonia lọ, Ambroise ò jẹ́ kí wọ́n gbé igbá kalẹ̀ rárá. Ó ní ọmọ òun ń kàwé, òun ò mọ oyún kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló ti fi Pierre-Claver ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Savalou. Valentin ní òun ò lè máa bọ́ ẹnu méjì, ó yọ Sonia kúrò nílé ìwé, ó mú un wá kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi.

Ìgbà yẹn ni Razack ti Kútọnù dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó fẹ́ ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín, nípa ọmọ ilé ìwé kan tó lóyún, tó ń sọ fún gbogbo ìlú pé iṣu tuntun lòun jẹ jù. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn aràn, fadá gbàdúrà sí inú wíwú, ọmọkùnrin tó fún un lóyún gan-an ń béèrè pé irú iṣu wo ni. Ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òbí tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tó wá wọn ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi ló rí Sonia. Ó wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ lọ́jà, ó ní, "Ìwọ gan-an ni mò ń wá. A ò tiẹ̀ ní lo ìrọ̀rí." Mo bú u débi tó fi gbàgbé ṣòkòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n Valentin ti gbà.

Ta ni wọ́n fi ṣe bàbá ọmọkùnrin? Ambroise. Razack sọ fún un pé kò sí ohùn bíi tirẹ̀ ní gbogbo Bantè, ó tán. Nígbà tí wọ́n ní ṣé ó mọ̀ pé Sonia wà níbẹ̀, ó ní ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì, kí ìlú rí i pé òun ò ní nǹkan tóun ń sá fún.

Ní ìparí fíìmù náà, àwọn ẹbí mú ọmọbìnrin wá pẹ̀lú igbá omi. Valentin fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹbí, òun àti àwọn àgbà Koko méjì. Ambroise fi ìka ọwọ́ ka oṣù, ó ka ti ẹsẹ̀, kò tó, ó ní kí wọ́n yá òun ní ìka. Lẹ́yìn náà ó gbé omi mu, ó ní, "A gbà á. Ó kéré tán, iṣu ò ní wọ́n wa nílé." Oòrùn mú, ó mu ún kanlẹ̀. Razack ní kí wọ́n tún un ṣe, ó tún mu ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sonia wọlé, ojú rẹ̀ ń dán. Tàtá ló máa ń pè mí, bí ẹni ní àǹtí. Ó ní, "Tàtá, ó ti mu ún."

Mo ní, "Sonia, fíìmù ni."

"Omi ni, Tàtá. Èmi ni mo pọn ọ́n. Àwọn àgbà Koko wà níbẹ̀, ó sì gbé e mì lójú wọn."

Mo bú u. Mo ní orí rẹ̀ ò pé, mo ní ẹni tó lé e jáde lánàá kò ní torí kámẹ́rà di bàbá ọkọ lónìí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tàtá," ó jókòó, ó ń gé aṣọ ọmọ. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, kí ọmọ rẹ̀ ní orúkọ bàbá.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Koko yẹn ló tún bà á jẹ́. Ó jókòó nínú ìsọ̀ mi, ó ní omi ò mọ kámẹ́rà, ẹni tó mu ún ti mu ún. Kabirou tó ń jó irin lódì kejì ọ̀nà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ sin gbogbo ẹni tó kú nínú fíìmù. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àgbà nìkan ni Sonia gbọ́.

Wọ́n fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ nígbà iṣu tuntun. Àwọn ìyá ìjọ dìde kí wọ́n tó dé ìdajì, wọ́n ní kí wọ́n lọ fi ìyà ọmọ ọlọ́mọ ṣeré níbòmíràn. Àwọn tó kù ń na ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rín. Iwájú ni Sonia jókòó. Nígbà tí Ambroise gbé omi mu, wọ́n pàtẹ́wọ́, Sonia náà pàtẹ́wọ́, ó wẹ̀yìn, ó ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìí ló ń kó jọ. Kó tó di ìparí oṣù, láti Djaloukou dé Agoua, Iṣu ni wọ́n ń pè é.

Ó bí obìnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, òun àti Valentin gbé igbá omi, ó pọn ọmọ, ó ní ilé Ambroise lòun ń lọ gba orúkọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ Ìsinmi ni, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ kún àgbàlá. Bí wọ́n ṣe rí igbá báyìí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. "Razack dà? Kámẹ́rà dà?" Wọ́n yọ fóònù. Pierre-Claver, tó wá kí bàbá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà gbé fóònù sókè, ó ń ya ọmọ ara rẹ̀.

Sonia kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín rèé. Ẹ ti mu omi rẹ̀. Orúkọ nìkan ló kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ń wo Ambroise. Ẹ̀rù bà á ná, mo rí i. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn èrò, ó sì rí ibi tóun máa gbà yọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìka. Àgbàlá dàrú. Ó gba igbá, ó bu omi sẹ́nu, ó fi fọ ẹnu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀, ó tu ú sílẹ̀ níwájú Sonia. Ó ní, "Iṣu yìí ò jinná."

Valentin rẹ́rìn-ín, ọ̀bùn ọkùnrin. Sonia wo ilẹ̀ tó tutù, ó wo àwọn èrò, òun náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí Razack kọ́ ọ nìyẹn, pé bí àwọn ènìyàn bá ti ń rẹ́rìn-ín, kó má ba eré jẹ́. Èmi ni mo pariwo. Mo pe Ambroise ní òpùrọ́, mo pè é ní aláìlójútì, mo fẹ́ fa agbádá rẹ̀ ya kí wọ́n tó dì mí mú. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí Wáàsáàpù. Wọ́n ní nínú gbogbo wa, èmi ni mo ṣe é dáadáa jù.

Honorine lọmọ náà ń jẹ́, kò ní orúkọ míì. Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Abẹ́ tábìlì ni ó máa ń wà láàárín ègé aṣọ, àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "Honorine, ta ni bàbá rẹ?" Ọmọ á ní, "Iṣu." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á fún un ní bisikíìtì.

Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo bi Sonia pé ọmọ àlè wo ló kọ́ ọmọ yìí nírú èsì bẹ́ẹ̀. Kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ.

Ó ní, "Èmi ni, Tàtá. Wọn ò kúkú ní yé bi í. Kó sáà máa rí nǹkan jẹ nídìí rẹ̀."