Bọ́ílà Kẹrin ti Edna Holroyd

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ti Edna Holroyd ní Keighley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí bọ́ílà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, bá kú, òtútù á jẹ èmi náà níyà. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú ti òde òní ni gbogbo wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí ooru inú èéfín ṣòfò, tó máa ń fà á padà fún omi kí èéfín tó jáde nílé. Ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń bàjẹ́: inú ikùn wọn, níbi tí iná ti ń fún omi ní ooru. Wọ́n pààrọ̀ ikùn ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jáwọ́. Ti ìkẹta pariwo fún oṣù kan bí ìkòkò tí òkúta wà nínú rẹ̀, ó sì dákẹ́ lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, nígbà tí yìnyín bo gbogbo òrùlé.

Gillian ọmọ rẹ̀ wá láti Leeds, ó mú ìwé ilé àwọn arúgbó kan dání.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí mò ń wí yìí, kò sí bọ́ílà kankan tí ẹ máa bá jà."

"Èmi ò bá bọ́ílà jà. Òun ló ń bá mi jà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o!"

"Ó ku ẹyọ kan," ni Edna wí. "Tí ìkẹrin bá tún kú, màá di ẹrù mi, o ò sì ní gbọ́ ohùn mi."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ta ní í fi ilé ta tẹ́tẹ́? Inú ilé yẹn ni ó ti tọ́ Gillian dàgbà, ibẹ̀ sì ni Norman ọkọ rẹ̀ kú sí. Ṣùgbọ́n bí Edna bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, n kò sì tíì rí i kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ayé léèrè nìyẹn. Èwo ni bọ́ílà tó ṣeé gbọ́kàn lé? Ẹnì kan ní ti Jámánì ni, ẹlòmíràn ní èyí tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Olùṣọ́àgùntàn ìjọ wa ní kí a gbàdúrà. Kò sí èyí tó tẹ́ Edna lọ́rùn. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn, níbi tó ti ń fi ìka wá àléébù ara aṣọ, tó sì ń fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Wúrà, gbogbo èèyàn ló lè yin ojú aṣọ. Yí i padà, kóo wo ẹ̀yìn ẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì, ó ní kí n fi mọ́tò gbé òun lọ sí ọgbà Barraclough, ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"A fẹ́ lọ bi àwọn òkú ní nǹkan tó pa wọ́n."

Òkú bọ́ílà kún ibẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò wọ́n ti ògiri. Edna wọ gíláàsì, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ọdún tí wọ́n ṣe ìkọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Barraclough fúnra rẹ̀ jáde pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́.

"Olólùfẹ́ mi, kí lẹ ń wá?" Bó ṣe ń pe gbogbo obìnrin nìyẹn.

"Èyí tí kò sí níbí ni mò ń wá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. "Gbogbo wọn ló wà níbí o! Ọlọ́lá, mẹ̀kúnnù, kò sí èyí tíkú ò mọ ilé ẹ̀."

"Ó dáa. Èyí lo ogún ọdún, èyí lo mẹ́ta péré. Orúkọ kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì. Kí ló dé?"

Barraclough wo bọ́ílà, ó wo Edna. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun rí. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, ó la ikùn méjèèjì. Ti ogún ọdún mọ́ tónítóní. Nínú ti ọdún mẹ́ta, ẹrẹ̀ dúdú ló dì pa níbẹ̀ bí ọ̀dà.

"Ẹ ò rí i? Bọ́ílà kọ́ ló bí ẹrẹ̀ yìí. Rédíétọ̀ àtijọ́, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gbà kọjá, ló ń dípẹtà, omi ló ń gbé e yípo, ikùn bọ́ílà ló wá ń há sí."

Edna mú díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà, ó fi ìka méjì rà á bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò. Ó ní kí n gbé òun padà sílé.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Norman ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ de rédíétọ̀ méjèèje inú ilé náà, ní ọdún tí wọ́n bí Gillian. Gbogbo oníṣẹ́ tó wá ló ní kí àwọn fọ inú wọn tàbí kí àwọn pààrọ̀ wọn. Edna á ní, "Bọ́ílà ni mo pè yín sí." Wọ́n á sì gbé tuntun kọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. A ti gé mẹ́ta tí kò ṣẹ̀. Èmi náà ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, mo sì panu mọ́. Ojú tì mí.

Oníṣẹ́ kẹrin ni Tahir Mahmood, ọmọ àdúgbò wa. Edna bu tíì fún un, ó ní, "Èwo ni kí n rà?"

"Ìyáàfin Holroyd, ẹ ra èyí tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀ nígboro wa yìí, kó má di pé a ń dúró de ọkọ̀ òkun. Àmọ́ èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, mi ò ní so ó mọ́ àwọn irin yìí. Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Mo rò pé Edna máa lé e jáde. Ó wo rédíétọ̀ abẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ kàn án.

"Bẹ̀rẹ̀ láti yàrá mi. Ṣe kíá, kí n má baà yí ọkàn padà."

Tahir tú ti yàrá. Omi dúdú dà sórí àwọn táwẹ́lì tí a tẹ́. Ó gbé irin náà kúrò lára ògiri, ló bá dúró.

"Ẹ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀."

Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sára ògiri níbẹ̀: *N. Holroyd, oṣù kẹwàá, 1974. Ó yẹ kó lo ogún ọdún.*

Edna kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omijé lójú rẹ̀. "Ọkùnrin yìí! Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ó wá fi irin bò ó!"

Ó gba pẹ́ńsù etí Tahir, ó kúnlẹ̀ tìrora-tìrora, ó kọ ọ́ sábẹ́ ti ọkọ rẹ̀: *Ó lo àádọ́ta. E.H.* Ó dá pẹ́ńsù padà.

"Ìwọ náà, kọ tìẹ."

Tahir họ orí, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún bọ́ílà tuntun náà.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré?"

"Ìyáàfin, mi ò lè purọ́ síbi tí ọkọ yín ti sọ òtítọ́."

Edna fi ìka ṣírò rẹ̀. "Màá di mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nígbà náà. Wúrà, bá mi pe Gillian, kó tọ́jú ìwé ilé arúgbó ẹ̀ dìgbà yẹn."