Bí Orúnkún Mi Ṣe Padà Kan Ilẹ̀

Ọpẹ́ mi di ti Ẹlẹ́dàá tó to eegun sínú ara, tó fi iṣan so ó pọ̀, tí kì í sì í kúrò nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́ ná kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kó sínú ìtàn, ẹnu lè yà mí débi tí n ó gbàgbé ọpẹ́.

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Láti ilé-kéú ni mo ti fẹ́ràn ìforíkanlẹ̀ ju gbogbo ohun tó kù nínú ìrun lọ. Bí iwájú orí mi bá ti kan ẹní, ariwo ayé a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó ìdí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ba orúnkún mi jẹ́. Nígbà tó yá, bí mo bá kúnlẹ̀, ẹlòmíràn ló ń fà mí dìde. Ni wọ́n bá gbé àga oníke kan fún mi ní ìlà àwọn obìnrin ní mọ́sálásí. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kírun, tí mo kàn ń tẹ orí ba.

Mo lọ bá àáfà wa.

"Ìyá, Ọlọ́run ò fẹ́ ká ni ara wa lára," ni wọ́n wí. "Ìrun orí àga yín pé."

"Mo mọ̀ pé ó pé, àáfà. Àárò ilẹ̀ ló ń sọ mí."

Àáfà ní: "Ó dáa. Ẹ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ sì máa rìn."

Ìrìn lásán kò tó mi, ìkánjú ti mú mi. Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọ bàtà kánfáàsì ọmọ mi, mo tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré, tí ń pàtẹ́wọ́, tí ń kọrin lójú títì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orúnkún mi ti wú bíi búrẹ́dì tó wọ omi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kírun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo sunkún, nítorí ó dà bíi pé ilẹ̀ tún jìnnà sí mi sí i.

Ọmọ mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Iléṣà ló wá gbé mi lọ sí ọsibítù kan níbẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti eegun. Ó ní kí n dìde lórí àga láì di nǹkankan mú. Mi ò lè ṣe é.

"Ẹ rí i, Màmá, kì í ṣe orúnkún nìkan. Ìjókòó ti mú kí itan yín sùn. Ẹ máa dìde lórí àga, kí ẹ rọra jókòó padà. Bó bá ti sú yín, ẹ fi sílẹ̀."

"Àga kẹ̀? Àga tí mo fẹ́ sá fún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni. Kí ẹ sì wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa rìn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn. Bí ẹ bá ń dá rìn, ẹ ò ní pẹ́ dáwọ́ dúró."

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn kò jìnnà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, onígbàgbọ́ ni, ó ń ta prófíṣàn ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, tí òun náà ti gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, a ó forí lé ọ̀nà Old Garage kí mọ́tò tó kún ibẹ̀. Òun ń kọ orin ìyìn, èmi ń fi tàsíbíìhì yin Ọlọ́run lábẹ́ híjáàbù. Nígbà tó bá yá, a ó bẹ̀rẹ̀ òfófó.

"Àlàájà, ẹ jẹ́ ká yára díẹ̀. Bàbá tó ń ti ọmọlanke yẹn ti kọjá wa!"

"Ṣé mo ń bá a díje ni? Máa kọrin rẹ, Ìyá Ìjẹ̀ṣà."

"Orin mi ti parí níbi tẹ́ ẹ dúró tẹ́ ẹ ń kí ẹlẹ́kọ!"

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé adùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kí agbára tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí n tó gbọ́ ìpè ìrun, nítorí ìrìn náà ń wù mí. Bí òjò bá rọ̀, a ò lọ, a ò sì bínú sí ara wa. Nígbà ààwẹ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la ń lọ, kì í sì í jìnnà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá rán apá aṣọ kan tán, n ó dìde, n ó jókòó, n ó tún dìde. Ó di ara iṣẹ́, bí ìgbà tí mo ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣàkíyèsí pé mo ti gun òkè àdúgbò wa láì dúró mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Èmi tí mo ń ránṣọ mọ̀ pé ohun tó bá ya, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó tó lè dára. Ta ló ti jókòó ti orúnkún mi láti ọjọ́ yìí, nígbà tí mo ń sùn, tí mi ò gbọ́ ìró iṣẹ́ rẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àsìkò ìrun àìlà tó nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ́ ẹní, mi ò fa àga mọ́ra. Nígbà tó kan ìforíkanlẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo sọ orúnkún kan kalẹ̀, mo sọ ìkejì, mo sì jẹ́ kí orí mi máa bọ̀. Ilẹ̀ tutù. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń pète láti tọrọ. Mo kàn ń wí pé mímọ́ ni fún Olúwa mi tó ga jù lọ.

Ìyá Ìjẹ̀ṣà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Àlàájà! Ẹ̀rù bà mí o! Ṣé ẹ ti há síbẹ̀ ni?"

Mi ò lè dá a lóhùn, mo wà lórí ìrun. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sún mọ́ mi, tó sì dúró, bíi pé ó fẹ́ fà mí dìde, kò mọ̀ bóyá ó yẹ. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, mo ti ara mi sókè. Itan mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbé mi. Mo dìde fúnra mi.

Nígbà tí mo sálámà tán, tí ìrun parí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ò ṣubú?"

"Mo forí kanlẹ̀ ni."

"Ògo ni fún Ọlọ́run," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó jókòó tì mí létí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn sí ara yín. Ohunkóhun tí ọkàn yín bá ń fẹ́ fi ara yín ṣe fún Un, kí ó má ṣòro fún yín, kí ẹ sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àmín.