Sàlẹ́nsà Tàjùdéèn

Súbérù kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ẹ̀rọ tí ń hun aṣọ ló ń tún ṣe nílé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tàjùdéèn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje tó ń tú kó lè fi agbára kún un di ti Súbérù, gbogbo rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ nínú agbọ̀n, lẹ́yìnkùlé ìyá wọn l'Ókè-Àfà.

Ibà ọjọ́ díẹ̀ ló gbé Tàjùdéèn lọ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ìṣe Mùsùlùmí, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ débẹ̀. Ta ló máa jẹ́ kí òbí fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀? Èèwọ̀ ni. Ìyá Àjíbíkẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun kú, ó sunkún, wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n kò rí òkú, kò rí ibojì. Látìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí wọ́n fi àgádágodo ti géètì mọ́.

Súbérù ní tirẹ̀ kò rímú mí. Bó bá ti mú sípánà, á máa ṣe é bí ẹni pé ẹnì kan lóṣòó sẹ́yìn òun. Òórùn sìgá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bó bá fún nọ́ọ̀tì jù, á gbọ́ ọ: "Rọra, Súbé, kì í ṣe ìlẹ̀kùn lò ń kàn." Ẹ̀rù ń bà á, àárò rẹ̀ sì tún ń sọ ọ́. Ó wá gbà lọ́kàn pé iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n òun kò parí ni kò jẹ́ kó sinmi. Bí ọkọ̀ yẹn bá ti dún, á lọ.

Ló bá to ẹ́ńjìnnì náà padà sínú ọkọ̀ bí Tàjùdéèn ṣe fẹ́ ẹ. Ó wá písítìnì tuntun lọ́jà Ládípọ̀, ó sì de tọ́bò mọ́ ọn, èyí tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀. Ó wá ku sàlẹ́nsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Èyí tí Tàjùdéèn fọwọ́ ara rẹ̀ gé, tí ariwo rẹ̀ fi ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó ti dé, náà ló tún fẹ́ dè.

Sàfúrátù ìyàwó Súbérù kò fẹ́. "Bàbá Alameen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra òmíràn. Ohùn ẹni tó ti lọ nìyẹn. Tí Màmá bá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò ní fi í sílẹ̀ lábọ̀."

Àwọn ọkùnrin ilé yẹn, etí wọn kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá ti ẹnu irin jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n ti ọkọ̀ náà bọ́ síta, síwájú géètì, kí èéfín má baà kún ilé. Súbérù jókòó, ó ní Bìsìmílláì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì bú ramúramù. Súbérù tẹ́tí. Òórùn sìgá ti lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni géètì ṣí gbayawu. Ìyá Àjíbíkẹ́, tó ń sùn nínú yàrá, ló sáré jáde láìwọ bàtà, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́.

"Tàjù! Mo ní o ń bọ̀! Mo sọ fún wọn! Pa ọkọ̀ yẹn kí o wọlé, oúnjẹ ti ń tutù!"

Ọwọ́ Súbérù kọ̀, kò kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá ṣì ń dún, ọmọ ìyá náà kò tíì kú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó pa á, ó sọ̀kalẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Súbérù ni."

Ìyá náà fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yọjú wo àga kejì.

"Mo ti rí ẹ," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"