Ìrìn Àjò Mi sí Ìsàlẹ̀ Èkó Nítorí Ọwọ́ Òsì

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi n'Ìbàdàn. Fọlákẹ́, ọmọ ọ̀gá mi àtijọ́, ló pè mí lánàá pé òun ń fi ènìyàn gidi tún kàtúùnù tí bàbá òun yà ṣe, èyí tí èmi kọ ìtàn rẹ̀ nígbà èwe mi. Ó ní orúkọ mi máa wà níwájú fíìmù náà. Ẹlòmíràn ìbá dúpẹ́. Èmi bi í léèrè ọwọ́ wo ni ọmọbìnrin inú ìtàn náà máa fi gbé omi fún ọba. Ó ní ọwọ́ òsì, bó ṣe wà nínú ti àtijọ́. Mo ní mò ń bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin gbéra ní Mọ́níyà. Ó mọ́, ó sì tutù bíi yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí. Mo fi ìborùn bo ẹsẹ̀, mo ń ka ẹjọ́ mi lọ́kàn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo kọ. Nígbà tí kàtúùnù náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ òsì la rí. Àwọn ìyá ọmọ fi ìbínú béèrè ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó kọ irú rẹ̀ fún ọmọdé wò. Ọ̀gá Fọlárìn, bàbá Fọlákẹ́, ní èmi Àdùkẹ́ ni. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé ìtàn fún mi kọ mọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní Èbúté Mẹ́ta mo wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí CMS. Awakọ̀ bi mí pé níbo ni Màmá ń lọ láàárọ̀ báyìí. Mo ní ìjà ni mò ń bá lọ.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ jẹun o. Èkó kì í bá ẹni tí ebi ń pa jà dọ́gba."

Mo gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Mo ra mọ́ínmọ́ín eléwé lẹ́bàá ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ohun tí n kò jẹ́ ṣe n'Ìbàdàn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí arúgbó á kí i kó tó polówó ọjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Balógun, ìpolówó náà ni ìkíni. Bí mo ṣe kọjá àwọn aláṣọ, ọ̀nà há, mo rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó títí mo fi dé agbo ilé àwọn Fọlárìn, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà.

Ọ̀gá Fọlárìn jókòó sórí àga lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ti súnkì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún ló kúnlẹ̀, inú kò bá a kúnlẹ̀.

Nínú àgbàlá, Fọlákẹ́ gbé kàtúùnù àtijọ́ sójú fóònù ńlá kan, ó ń fi ìdúró àwọn òṣèré wé e. Bàbá Àlàbí, àgbà òṣèré láti Ẹ̀pẹ́, ló ń ṣe ọba. Ọmọbìnrin òṣèré kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì na igbá omi sí i. Ọwọ́ bàbá jáde, ó sì padà sórí itan rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún padà. Fọlákẹ́ rán wọn létí pé eré ni.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé eré ni," ni bàbá wí. "Ọwọ́ mi ni kò mọ̀."

Fọlákẹ́ yíjú sí mi. "Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, Mà. Bàbá mi ní ẹ̀yin lẹ fi òsì sí i, kí ọmọ náà lè fi ọba wọ́lẹ̀."

"Ọmọ tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí àbúrò rẹ̀? Ta ló ń bú ẹni tí òun ń bẹ̀?" ni mo dá a lóhùn.

Mo ní kó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ ọmọ náà nínú kàtúùnù. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì ló wà. Níbi omi yìí nìkan ló bọ́ sí ọ̀tún. Orí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara la ń ya àwòrán sí nígbà náà, a ó sì tò ó sábẹ́ kámẹ́rà. Bí ènìyàn bá dojú ike délẹ̀, ọ̀tún á di òsì. Ọmọ náà kọjú sí wa gan-an, nítorí náà kò sẹ́ni tó tètè fura.

Ọmọbìnrin òṣèré náà ní abájọ tí wọ́n fi ń ní kí òun pààrọ̀ ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa wá ń wo abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ọ̀gá Fọlárìn kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo dojú ike náà délẹ̀. Iṣẹ́ ti parí kí n tó rí i. Mo wá ní Àdùkẹ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."



"Ó pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́, sà," ni mo wí. Mo wá ibi jókòó.

Wọ́n tún un yà. Ọmọ náà fi ọ̀tún gbé igbá, ó fi òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ró. Bàbá Àlàbí gbà á, ó mu ún, ó sì ṣàdúrà fún un pé ẹnu rẹ̀ kò ní í bà á jẹ́ níbi tó bá ti ń bẹ̀bẹ̀. Àdúrà náà kò sí nínú ohun tí mo kọ. Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Aládùúgbò mi béèrè bí Èkó ṣe rí. Mo ní ó dára, ó sì wò mí bíi pé ara mi kò yá, torí n kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohunkóhun. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwòrán á gba ohunkóhun tí a bá nà sí i, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló lè kọ̀. Ní ti Ọ̀gá Fọlárìn, n kò tíì dárí jì í. Mo ṣì ń rò ó, n kò sì kánjú.